Ìbora Tí Kò Ṣeé Tú

Bọ́látitó ọmọ mi, ọmọ Ògúndìran,

Mo kí ọ o, mo kí Ayọ̀ ọkọ rẹ, mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, mo sì kí onílé yín tó máa ń pa jẹnẹrétọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Olúwa tó mú yín dé Àbújá láìfi ẹsẹ̀ kọ, òun náà ni yóò máa bá yín gbé níbẹ̀. Owó oṣù yín ò ní di ohun tí wọ́n ń gbàgbé san. Ẹni tó bá ń wá ilé yín fún ibi, ọ̀nà á dàrú mọ́ ọn lójú, á padà sílé ara rẹ̀. Àmín.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, Bọ́látitó, kò sẹ́ni tí mo máa sọ ọ́ fún tó máa gbà á gbọ́. Èmi tí mo ṣe é gan-an, bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló wá sọ ọ́ fún mi, màá ní kó lọ jókòó, irọ́ ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kà á dé òpin kó o tó ya á. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O ò gbé ìpè mi mọ́. Mo pe Ayọ̀, ó gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi, ohùn ẹ̀ tutù bí omi inú àmù, ó sì pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà, èmi tí mi ò kàwé ju èyí tí wọ́n fi Bíbélì kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Jésùtófúnmi ọmọ Ìyá Ìjọ tó ń padà sí Àbújá ló máa mú un bọ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ ni kó fi í sí, kó má sọ pé òun fẹ́ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, torí fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ yìí ló kó gbogbo wa sí wàhálà.

Ilé wà dáadáa. Kajú so dáadáa lọ́dún yìí, àwọn tó ń rà á ni ò ṣe dáadáa. Bàbá rẹ ń kí ọ. Wọ́n lọ sí báńkì ní Ẹ̀jìgbò lọ́jọ́sí, wọ́n ní kí wọ́n tẹ àtàńpàkò mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Bàbá rẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Ni bàbá rẹ bá gbé àtàńpàkò sókè, wọ́n fi han gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà, wọ́n ní ṣé ẹ̀yin náà ò rí i ni. Wọ́n ní ọkọ́ àti omi ara kajú ti jẹ gbogbo ìlà ọwọ́ wọn tán, kí wọ́n lọ sinmi kí wọ́n padà wá. Látìgbà náà, bàbá rẹ ò fi àtàńpàkò ọ̀tún kan nǹkan kan mọ́. Òrí ni wọ́n fi ń pa á. Bí wọ́n bá jókòó, wọ́n á gbé e lé orí ìrọ̀rí bí àlejò. Wọ́n ní bó bá sinmi tó, yóò hù.

Ó yá, jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ṣé o rántí pé ìwọ lo sọ fún mi pé ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì yín ń mú ọ bí ọyẹ́, pé bí o bá délé, eegun ẹsẹ̀ rẹ á máa ro ọ́? Mo ní má wulẹ̀ ra búláńkẹ́ẹ̀tì, èmi ìyá rẹ á rán ìbora fún ọ, irú èyí tí mo kọ́ lọ́dọ̀ màmá kan nígbà tí mò ń tajà ní Àbíjàn. A máa to àgékù aṣọ mọ́ra wọn, a máa tẹ́ òwú sí àárín, a máa fi aṣọ mìíì sí abẹ́, a máa wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gún un já káàkiri kí òwú má bàa rìn. Mo ní bí o bá rí àpẹẹrẹ tó wù ọ́, ya fọ́tò ẹ̀, fi ránṣẹ́. Ìwọ náà ní ó dáa, Mọ́mì. Ṣé mo parọ́?

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù pariwo, mo ṣí i, fọ́tò ti dé. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú fóònù ló dọ̀tí, mo fi etí ìró nù ún, kò lọ. Dúdú ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Láàrin dúdú yẹn, nǹkan aláwọ̀ eérú kan tẹ́ rẹrẹ bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí. Láàrin eérú yẹn, ihò dúdú kan rí rogodo bí inú ìkòkò. Nínú ihò yẹn ni nǹkan funfun kan wá ká jọ sí, orí ẹ̀ tóbi, ìdí ẹ̀ kéré. Lókè pátápátá, orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀, mo ka Bọ́látitó gaara. Mo ní ọmọ yìí mà fẹ́ràn ara ẹ̀ o, ó fẹ́ kí n rán orúkọ òun mọ́ aṣọ. Ìwọ fúnra rẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé Mọ́mì, ẹ wò ó, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. O fi àwòrán ọkàn pupa sí i, o tún fi ojú tó ń sunkún sí i. Mo ní ẹkún yẹn, òtútù ni. Ti pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo ní ó mọ́gbọ́n dání, kò fẹ́ kí wọ́n jí àpẹẹrẹ òun.

Ibi tí mo ti ṣe é nìyí. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, mo gbé fóònù ka orí àpótí, mo sún sẹ́yìn díẹ̀ kí n má bàa han mọ́ ọ létí, mo wá sọ̀rọ̀. Mi ò ní fi ìkankan pa mọ́ nínú ohun tí mo sọ, ìwọ náà sáà ti gbọ́ ọ. Mo ní Bọ́látitó, mo ti rí i o. Kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí. Ó ti dúdú jù. Ṣé o ò lè wá òmíì tó mọ́ lójú díẹ̀ ni? Àti nǹkan funfun tó ká jọ sí àárín yẹn, kí ló wà fún? Ṣé kí n bá ọ yọ ọ́ kúrò ni? Kò ní pẹ́ rárá, Mùíbì á bá wa gé e.

Àmì méjì tó wà lábẹ́ ẹ̀ bá di àwọ̀ aró. Mo ní ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ mi ti dé, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára. Mo retí èsì, èsì ò dé. Mo pè, o ò gbé e. Mo ní àṣé ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ pé mo bú àpẹẹrẹ ẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé kò burú, màá rán an gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́ ẹ, dúdú ẹ̀, eérú ẹ̀, nǹkan funfun ẹ̀, bó bá dé ọwọ́ ẹ̀, inú ẹ̀ á yọ́.

Fọ́tò inú fóònù kéré, bí mo bá sì tẹjú mọ́ ọn pẹ́, fóònù á pajú dé bí ẹni tí ojú ń tì. Mo bá wọ ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀jìgbò lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tẹ nǹkan jáde lórí bébà ńlá, Peculiar ni wọ́n ń pè é. Ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú oríire o, màmá. Mo ní oríire kẹ̀, iṣẹ́ lò ń wò yẹn, ibi tí mo ti máa rí dúdú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gan-an ni mi ò tíì mọ̀. Ó wò mí títí. Ó ní kí n máa gbé e lọ, òun ò gbowó. Mo ní àwọn ará Ẹ̀jìgbò mà ti ń ṣàánú èèyàn báyìí.

Aṣọ dúdú, Bọ́látitó! Èèyàn ò kàn lè máa tọrọ aṣọ dúdú káàkiri ìlú Ọ̀là níbí. Ilé àkọ́kọ́ tí mo yà sí, wọ́n ká ọwọ́ lérí, wọ́n ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní kí n ṣe ọkàn gírí. Kí n tó délé, àwọn èèyàn ti jókòó yí bàbá rẹ ká tí wọ́n ń bá wọn kẹ́dùn. Bàbá rẹ náà mirí, wọ́n ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n jù, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n fún wọn lómi mu, kí wọ́n tó wá rọra bi mí pé ta lẹni náà. Agbòòrùn tó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ni mo padà tú, òun ni dúdú. Eérú, ṣòkòtò tí bàbá rẹ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ni. Wọn ò tíì mọ̀, má sọ ọ́. Funfun, àpò fúláwà ni, mo fọ̀ ọ́ títí àwòrán erin tó wà lára ẹ̀ fi rìn lọ.

Mo gbé bébà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mùíbì télọ̀, kó bá mi fi ẹfun fa ìlà ẹ̀ sára aṣọ. Mùíbì, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kò tíì gbàgbé pé òun gbé Àbíjàn rí. Ó gbé bébà sókè, ó fi Faransé bi mí pé sè kwa sa, màmá, kí lèyí? Ó ní òun mọ̀ ọ́n, òjò ni, pé bí wọ́n ṣe máa ń fi òjò hàn nínú tẹlifíṣàn nìyẹn kó tó rọ̀. Ògúnbùnmi ọdẹ tó wá gba ṣòkòtò ẹ̀ ní òjò wo, òkété ló sùn nínú ihò yẹn. Ó fi ìka hàn wá, ó ní orí ẹ̀ nìyí, ó ká ìrù sábẹ́, abo ni, ó ti yó. Ó bi mí pé inú igbó wo ni. Bàbá rẹ tó wá pè mí ní àwọn méjèèjì ò lójú, kajú ni, ṣé wọn ò rí bí kóró ẹ̀ ṣe so rọ̀ ni. Ìyá Ìjọ ń kọjá lọ, ó yà, ó bọ́ bàtà, ó ní áńgẹ́lì ló kúnlẹ̀ nínú ìkùukùu yẹn, kí gbogbo wa dìde dúró. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ọdẹ ní òun ò rí áńgẹ́lì tó ní ìrù rí. Ìyá Ìjọ ní ojú ẹran ló ti mọ́ ọn lára, kò lè rí nǹkan ọ̀run. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ni mo pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, torí bẹ́ẹ̀ ni ìwọ wí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí rán an. Ọmọ mi, mo rán aṣọ yẹn. Abẹ́rẹ́ gún mi títí mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo rán agbòòrùn yí i ká, mo to ṣòkòtò bàbá rẹ ní wẹ́wẹ́wẹ́, èyí tó dúdú lórí èyí tó ti ṣá, kó lè rí bó ṣe wà nínú fọ́tò. Nǹkan funfun yẹn ni mo fara balẹ̀ ṣe jù. Mo ní bí mo ṣe bú u yìí, kí n fi iṣẹ́ tu ọmọ mi lójú. Mo tẹ òwú púpọ̀ sínú ẹ̀ kó lè ga, kó rí múlọ́múlọ́. Nínú fọ́tò, wọ́n fi àmì ṣónṣó kan sórí ẹ̀, wọ́n fi òmíì sídìí ẹ̀, wọ́n wá fi ìlà ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ so wọ́n pọ̀. Mo rán ìyẹn náà. Lókè, mo fi òwú funfun kọ Bọ́látitó gàdàgbà. Nígbà tí mo parí ẹ̀, mo fọwọ́ pa nǹkan funfun yẹn lórí, mi ò mọ ìdí ẹ̀, ó kàn wù mí láti pa á lórí ni.

Òórùn agbòòrùn ò kúrò lára ẹ̀, mo bá fọ̀ ọ́, mo sì sá a síta, sórí okùn iwájú ilé, níbi tí gbogbo ọ̀kadà tó ń lọ sí ìlú Ara ń gbà. Àwọn èèyàn ń dúró wò ó. Ẹlẹ́kọ kan ní òun máa rà á. Mo gbé àga síta, mo jókòó, mò ń gba ẹ kú iṣẹ́.

Ni Kàdíjà aládùúgbò wa bá dé, ó fẹ́ yá asẹ́. Ṣé o mọ Kàdíjà, ẹgbẹ́ mi ni, kò sí ọ̀rọ̀ tó máa ń yí po lẹ́nu kó tó jáde. Ọmọ ẹ̀ Ummuhani ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Òṣogbo ni, òun ló sì ń bá a lọ sí ọsibítù. Ó dúró níwájú ìbora. Ó wo orúkọ òkè. Ó wo àárín. Ó ní Àpèkẹ́, ta ló ní kó o rán èyí? Mo ní Bọ́látitó ni, ó ní bó ṣe wu òun nìyẹn. Ó ní Àpèkẹ́, oyún ọmọ ẹ lo sá sóòrùn yìí.

Bọ́látitó, mo ní kó tún un sọ. Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé, pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé lé ikùn, tó ń ya fọ́tò ọmọ látìta. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Nígbà tí mo lóyún Olúrántí ẹ̀gbọ́n rẹ, tí mo lóyún ìwọ, ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì fi ń tẹ̀ mí níkùn, ó sì ní ó wà níbẹ̀, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ya ọmọ tí ò tíì dé ní fọ́tò. Kàdíjà ní kí ni mo wá fi dá ọ lóhùn. Mo tẹ ohùn tí mo fi ránṣẹ́ fún un. Nígbà tó dé ibi tí mo ti ní ṣé kí n bá ọ yọ ọ́ kúrò, Kàdíjà fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó dé Mùíbì á bá wa gé e, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pa á.

Gbogbo ọdún tí o fi retí ọmọ yìí, Bọ́látitó. Gbogbo ààwẹ̀ tí èmi àtìwọ jọ gbà, ìwọ ní Àbújá, èmi ní Ọ̀là, tí a máa ń pe ara wa lálẹ́ láti jọ ṣí i. Ọlọ́run wá dáhùn, èmi lo kọ́kọ́ fi hàn kó o tó fi han ẹnikẹ́ni, èmi ìyá rẹ wá ní kò wù mí, ó ti dúdú jù, kí wọ́n yọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó dà bí ohùn ọ̀tá. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, ọmọ mi. Àgékù aṣọ ni mò ń bá wí. Àpò fúláwà ni.

Mo sáré já ìbora lórí okùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti rí i, ìwọ sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Oyún tí ò tíì yọ síta, tí àwọn àgbà máa ń fi ìró bò, èmi ni mo kọ orúkọ sórí ẹ̀ tí mo fi sójú ọ̀nà Ara. A kì í sì í ra ohun ọmọ sílẹ̀ kó tó dé níbí, ìwọ náà mọ̀, èmi ti rán ọmọ fúnra ẹ̀. Bàbá rẹ ní ká tú u kíá. Wọ́n mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n wo nǹkan funfun yẹn, wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ télọ̀ ni. A pe Mùíbì. Ó dé pẹ̀lú bíléèdì, ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ó ki bíléèdì bọ àpò, ó ní màmá, ẹ bínú mi, òun ò ní tú oyún olóyún, òun náà níyàwó nílé. Ìyá Ìjọ ní òun kúkú ti rí i látìbẹ̀rẹ̀ pé nǹkan ọ̀run ni, kí a gbé e sábẹ́ pẹpẹ. Bàbá rẹ ní oyún ọmọ òun ò ní sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ògúnbùnmi wá láti Ìsundunrin, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìbora, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé òun pè é ní òkété. Mo gbọ́ pé kò jẹ òkété mọ́. A ò lè ká a, kó má bàa fún un mọ́lẹ̀. A ò lè gbé nǹkan lé e. Orí bẹ́ẹ̀dì ló tẹ́ sí báyìí, èmi àti bàbá rẹ wà lórí ẹní. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ ní ọ̀sán, torí adìyẹ.

Mò ń bẹ̀ ọ́, má fi ti ohùn yẹn sọ́kàn. Mò ń bọ̀ ní Àbújá, bí Jésùtófúnmi bá ti fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́, máa wo ojú ọ̀nà. Owó tí màá fi wá, bàbá rẹ ti ta kajú tó kù. Èyí tí màá fi padà ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ, má sì jẹ́ kó yá jù, torí mi ò tíì mọ ìgbà tí màá padà. Bá mi fi owó káàdì sí fóònù pẹ̀lú, èyí tó wà níbẹ̀ ni mo fi pè ọ́ tán. Jẹun dáadáa. Má gbé garawa. Ọlọ́run tó dá Hánà lóhùn kò ní gba ohun tó fi fún ọ. Wàá gbé e láìṣàárẹ̀, wàá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìṣòro, ohùn ẹ̀ á ju ti jẹnẹrétọ̀ onílé yín lọ. Àwa méjèèjì á fọwọ́ wa pa á lórí. Àmín lórúkọ Jésù.

Èmi ni ìyá rẹ, Àpèkẹ́.

Bébà ṣì kù díẹ̀, kí n sọ ohun tó mú mi gbéra. Lánàá, orí ọ̀rọ̀ ìbora yẹn náà la ṣì wà. Bàbá rẹ ní ká tú u, Ìyá Ìjọ ní pẹpẹ, Mùíbì dúró lẹ́nu ọ̀nà kò wọlé, èmi ń lé adìyẹ. Kàdíjà ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ pọnmi, garawa wà lórí ẹ̀, ó dúró, ó wo gbogbo wa yíká, ó ní Àpèkẹ́, aṣọ lo jókòó tì yìí o, ọmọ ẹ tó lóyún ló dá wà.